Eyín Idẹ Mẹ́ta àti Ẹ̀yìn Òṣùpá

Josáyà Fágbohùn ni orúkọ ọkùnrin tó kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú kí ẹni tó bá fẹ́ pa ìwé dé lójú ewé àkọ́kọ́ lè ti mọ ohun tó ṣe pàtàkì. Òun ni hẹdimásítà ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí a gba òmìnira, òun náà sì ni alága Ìgbìmọ̀ Òṣùpá. Wọ́n ti sọ fún yín pé òun ló ṣírò ọ̀nà tí àgbá wa gbà dé ẹ̀yìn òṣùpá. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣírò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Fágbohùn fúnra rẹ̀ ṣírò nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ó ṣì í, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń rò pé Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà nìkan ló ń ju nǹkan sókè nígbà náà. N kì í bá wọn jiyàn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Rédíò ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ka ìròyìn pé àwọn òyìnbó kan ti sọ irin sójú ọ̀run, pé ó ń yí ayé po, ó sì ń ké bí òròmọdìẹ tó ṣìnà. Níbi ìpàdé ìlú tó tẹ̀lé e, bàbá arúgbó kan dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀.

Ó ní, "Òṣùpá yìí, láti ìgbà tí mo ti dáyé, iwájú nìkan ló ń kọ sí mi. Ẹni tí kò jẹ́ kọ ẹ̀yìn síni, ó ní ohun tó ń fi pamọ́ sẹ́yìn."

Gbogbo ilé hó yèè pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìgbìmọ̀ ti jẹ ewúrẹ́ àkọ́kọ́.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ dé ni, níbi tí mo ti gba ipò kìíní nínú ìṣirò lọ́dún mẹ́ta léraléra. Mísì Ọmọ́yẹni ni wọ́n ń pè mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́, n kò tíì rí àga jókòó tí Fágbohùn fi ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Mísì, wọ́n ní o mọ ìṣirò."

"Mo ń gbìyànjú, sà."

"Ṣé o lè ṣírò ọ̀nà òṣùpá?"

"Bí ṣọ́ọ̀kì bá pọ̀ tó, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní páálí ṣọ́ọ̀kì kan, ó sì ní kí n máa lo kíláàsì ìwé kẹfà lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti jáde. Ó ní èmi ni Olùṣirò Àgbà. N kò bèèrè owó oṣù kún owó oṣù. Ohun kan ṣoṣo ni mo bèèrè: kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára àgbá náà pé Ọmọ́yẹni ló ṣírò rẹ̀. Ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀, pé ìyẹn kò tó nǹkan. Kò tó nǹkan lóòótọ́. Ó kù díẹ̀ kí n pé ọgọ́rin ọdún báyìí, n kò sì tíì rí i gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ṣe ohun èlò wa, nítorí àwọn tó ń fẹnu tẹ́ wa kò rí i. Àgbá ni àgbá epo pupa, irin tó nípọn, tí a fi ọṣẹ dúdú fọ̀ títí òórùn epo fi kúrò. Odó ni ohun tí a fi yìn ín. Igi ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ odó yìí, obìnrin mẹ́fà lè dúró yí i ká kí wọ́n gúnyán nínú rẹ̀ láìfi ọmọrí odó kan ara wọn. A gbé e sórí àpáta kan tó kọjú sí Olósùnta, òkè tí ìlú wa ń bọ. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé kí a má fi ariwo dí Olósùnta lọ́wọ́. Àwọn ọdẹ Ìkẹ́rẹ́ àti ti Èmùré, ìlú tó dara pọ̀ mọ́ wa nínú iṣẹ́ náà, ló dá ẹ̀tù ìbọn jọ sí ìsàlẹ̀ odó, àgbá á wá jókòó lé e lórí. Ó kù kí a mọ orúkọ ìlú tí yóò ṣáájú lára àgbá. Ìjà ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbìmọ̀ ká, títí mo fi ní kí wọ́n kọ ọ́ yí àgbá po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, kí ibẹ̀rẹ̀ má sí. Wọ́n tún ní Fágbohùn ló ronú kan ìyẹn náà.

Iṣẹ́ tó ṣòro jù lọ wà lọ́wọ́ Bàbá Lásísì, onífọ́tò ìlú, tó tún máa ń tún aago ṣe. Mùsùlùmí jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí ojú ọ̀tún rẹ̀ ti dín nítorí yíyọjú sínú aago. Òun ló gbé ẹ̀rọ fọ́tò rẹ̀ sínú àgbá, ó sì so aago kan mọ́ ọn. Aago yìí ní kẹ̀kẹ́ idẹ kékeré kan tó ní eyín. Bí ọjọ́ kan bá ti lọ, eyín kan á kọjá. Bí eyín tó kẹ́yìn bá kọjá, okùn á tú, ojú ẹ̀rọ fọ́tò á sì là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà iye eyín ni ẹ̀mí iṣẹ́ wa. Bí ojú bá là ní kùtù, òkùnkùn ni yóò yà. Bí ó bá là lẹ́yìn ìgbà tí àgbá ti yí padà sílé, òkùnkùn náà ni.

Mo ṣírò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí àwọn àgbà ìgbìmọ̀ lè bá mi tẹ̀lé e, ọjà ni mo fi ka ọjọ́. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ pátákó: *Bí a bá yìn ín lọ́jọ́ ọjà, ní òwúrọ̀ ọjà kẹta tó tẹ̀lé e ni yóò wà lẹ́yìn òṣùpá.*

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, pátákó ti mọ́ tónítóní. Fágbohùn ti da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé tirẹ̀, ó sì ti kà á fún ìgbìmọ̀ láàárọ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Sà, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ á lọ bá Ìyá Èmùré ṣe aṣọ. Iṣẹ́ ńlá ni."

"Orúkọ mi lára àgbá ńkọ́, sà?"

Ó wo ojú ọ̀run bí ẹni pé ibẹ̀ ni èsì wà. "Ọ̀dà ti tán," ni ó wí.

Ọ̀dà kò tán. Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí orúkọ tirẹ̀ lára àgbá, ó pọ́n fòò.

Aṣọ ìbalẹ̀ ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n rán mi lọ ṣe. Ó dà bí agbòjò ńlá tí kò ní igi, tí yóò ṣí lórí àgbá nígbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀. Ìyá Èmùré, ahunṣọ àgbà kan láti Èmùré, ló ń hun ún ní kíjìpá lórí òfì rẹ̀, èmi ń fi abẹ́rẹ́ kàn án pọ̀. Obìnrin yìí kò kàwé, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ tó o. Ulé ló ń pe ilé, kò sì fi ìyẹn tijú níwájú ẹnikẹ́ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Á ní, "Ọ̀lẹ wo ló tíì ti ọ̀dọ̀ òṣùpá bọ̀?"

Fágbohùn wá yẹ aṣọ náà wò lọ́jọ́ kan, ó ń fi ìka méjì fà á.

"Ìyá, ṣé èyí kò ní ya?"

Ìyá Èmùré kò gbójú sókè. "Òun ni mo fi pọn ọmọ mẹ́jọ. Òṣùpá rẹ wúwo ju ọmọ mẹ́jọ lọ ni?"

Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó yin àgbá ni mo ya ṣọ́ọ̀bù Lásísì kí n wọn ibi tí okùn aṣọ yóò gbà. Kẹ̀kẹ́ idẹ náà wà lórí tábìlì, ó ń dán. Ó dà bí ẹni pé eyín rẹ̀ ti pọ̀ jù lójú mi.

"Bàbá, eyín mélòó lẹ gé sí i?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí Tíṣà Àgbà ṣe kọ ọ́ fún mi nìyẹn. Ó ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, lọ́nà mẹ́ta."

Mo kàn na ọwọ́ mi sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kò ná ọjà wa rí, ẹ na ọwọ́ tiyín náà. Ọlọ́jọ́ márùn-ún ni a ń pe ọjà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a dúró lé ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkà. Àtàǹpàkò ni ọjà òní, ọmọńdinrín ni ọjà tó ń bọ̀. Ọmọńdinrín yẹn náà ló tún di àtàǹpàkò nígbà tí ẹ bá fẹ́ ka ọjà tó tún tẹ̀lé e. Láti ọjà kan sí èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ilẹ̀ ń mọ́. Ọjà mẹ́ta, ìgbà méjìlá. Kò sí ọmọ ọdún méje kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n ti rán lọ ra iyọ̀ rí tí kò mọ èyí. Ṣùgbọ́n ilé míṣọ́nnárì ni Fágbohùn ti dàgbà, láàárín agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí òkè òkun, nígbà tó sì padà dé, ìyàwó ló ń bá a ná ọjà.

Lásísì ka ìka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu rẹ̀ là. "Yéè! Èmi tí mo ń gbé ẹ̀rọ fọ́tò lọ sọ́jà láti kékeré!"

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un?"

"Ọmọ mi, bí ẹni tó so táì mọ́rùn bá sọ̀rọ̀, èèyàn á máa rò pé ó ní ohun tó rí."

Mo lọ bá ẹni tó so táì mọ́rùn.

"Sà, eyín mẹ́ta ti pọ̀ jù lára kẹ̀kẹ́ yẹn."

"Ta ló ni ìṣirò?"

"Èmi ni, sà."

"Ìgbìmọ̀ ló ni ín báyìí. Márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, kí ló jẹ́?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ìwọ fúnra rẹ wí?"

"Ọjà kì í ṣe àkọ́sórí ìlọ́po, sà. Ọjọ́ òní wà nínú—"

"Mísì Ọmọ́yẹni, abẹ́rẹ́ rẹ ń dúró dè ọ́."

Ẹ má rò pé inú mi kò dùn díẹ̀ bí mo ṣe ń padà lọ. Ọ̀nà tí n ó fi gbẹ̀san ti là sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo gbọ́wọ́ sókè. Kí n ṣáà máa ránṣọ mi. Ojú ẹ̀rọ fọ́tò á là nígbà tí àgbá ti fi òṣùpá sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìlú méjì á péjọ láti wo ẹ̀yìn òṣùpá, wọ́n á bá ìwé dúdú kan, orúkọ Fágbohùn á sì wà lára àgbá, ní pupa fòò. Mo ti ń wo irú ojú tí yóò ṣe. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Èmùré, mo rò pé a ó jọ rẹ́rìn-ín.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ohun tí mo rò. "Ọkùnrin tó ń jẹ uyán lójoojúmọ́, tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ra uṣu!" Lẹ́yìn náà ó dá òfì dúró. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi, bí fọ́tò yẹn bá dúdú, ta ni wọ́n á ní ó ṣírò rẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n. Bí ó bá yọrí, ti Fágbohùn ni. Bí ó bá kùnà, ọjọ́ náà ni yóò rántí pé ìṣirò Mísì ni. Ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀ tí n kò lè sọ fún un: ìṣirò náà pé. N kò lè jókòó máa wo ohun tó pé kó bàjẹ́ kí ẹni tó jí i lè tẹ́.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Lásísì lọ́sàn-án yẹn. Ó di kẹ̀kẹ́ mú, èmi fi ayùn irin gé e, nítorí ó ní bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, kí òun lè fi Kùránì búra pé ọwọ́ òun kò gé nǹkan kan. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n akíkanjú kọ́. Eyín mẹ́ta jábọ́ sórí tábìlì. Mo kó wọn sínú agolo ìpara, mo sì fi agolo náà sí àpò.

Ọjọ́ ọjà ni a yìn ín, ní kùtùkùtù, kí àwọn èèyàn tó máa gbé ẹrù kọjá. Kí wọ́n tó gbé àgbá sínú odó, Fágbohùn ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti orí bọnú àgbá, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí jáde, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí, ó wo Lásísì. "Ó dára bẹ́ẹ̀," ni ó wí. Mo ní ọpẹ́ ni pé ojú rẹ̀ kò ríran tó.

Olórí ọdẹ fi iná sí ẹ̀tù. N kò ní purọ́ fún yín, n kò rí àgbá náà bó ṣe lọ. Ohun tí mo rí ni èéfín, àti fìlà alága tó ń lọ lókè. Odó là sí méjì. Ewúrẹ́ Ìkẹ́rẹ́ sá títí dé Èmùré, àwọn ará Èmùré kò sì dá gbogbo wọn padà.

A dúró. Ọjà kìíní ná, èkejì ná, ẹ̀kẹta ná. Láàárọ̀ ọjà kẹta yẹn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, mo ń wo òkè bí ẹni pé n ó gbọ́ ìró okùn tó tú. Ọjà bí i mélòó kan tún ná lẹ́yìn ìyẹn kí ìròyìn tó dé pé nǹkan kan já bọ́ sóko iṣu kan ní ìlú Àgbàdo. Kí a tó dé ibẹ̀, olóko ti yí àgbá wa dúró, ìyàwó rẹ̀ sì ti rẹ ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀.

Fágbohùn pariwo, "Bàbá, ohun èlò sáyẹ́ǹsì ni!"

Ọkùnrin náà ní, "Àgbá ni. Ó ti ọ̀run wá, ó wá sí oko mi, ó fọ́ ebè mọ́kànlá. Ọlọ́run ló fi san án fún mi."

"Ẹ̀rọ inú rẹ̀ dà?"

"Ó wà lórí àká. Kò mú omi dúró."

Aṣọ Ìyá Èmùré wà lọ́rùn ìyàwó rẹ̀, kò ya rárá.

Lásísì fọ fọ́tò náà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbogbo ìgbìmọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tó gbé e jáde, ó nà án sókè sí wa. Ó mọ́ kedere. Òṣùpá ni, ó yí roboto, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, kòtò lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Wọ́n gbé e yí gbọ̀ngàn ká. Ọkùnrin kan ní òun mọ ibẹ̀, pé ẹ̀yìn oko bàbá òun ni. Nígbà tó kan bàbá arúgbó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

Ó ní, "Àpáta lásán. Abájọ tí kò fi jẹ́ kọ ẹ̀yìn síni. Ìtìjú ni."

Wọ́n fún Fágbohùn ní kẹ̀kẹ́ tuntun àti oyè. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní ìṣirò náà le, ṣùgbọ́n òun forí tì í. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ránṣọ. Nígbà tí táàmù tuntun wọlé, ìwé dé pé wọ́n ti gbé mi lọ sí Àgbàdo, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní á bí dí. Ẹ̀gbẹ́ oko iṣu yẹn gan-an ni wọ́n fún mi ní yàrá, olóko kò sì jẹ́ kí n sinmi títí ó fi kú: ó fẹ́ mọ ìgbà tí àgbá mìíràn yóò bọ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Kò sí ọmọ kan tó jáde ní kíláàsì mi láìjẹ́ pé mo mú un lọ sọ́jà kó fi ìka ka ọjọ́, kó tún padà wá sídìí pátákó kó kà á bí ìwé ṣe kà á, kó sì sọ fún mi ìgbà tó yẹ kí á lo èyí àti ìgbà tó yẹ kí á lo ìyẹn. Lára wọn ni ẹnjiníà, lára wọn ni oníṣòwò. Kò sí èyí tó jẹ́ kọ iye ọjọ́ sílẹ̀ láìsọ bí ó ṣe kà á. Mo máa ń yangàn lórí ìyẹn. Inú sì tún ń bí mi.

Lẹ́yìn ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ Fágbohùn kò gbé e mọ́. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ náà. Mo bá a ní páálọ̀ rẹ̀, fọ́tò ẹ̀yìn òṣùpá wà lára ògiri lókè orí rẹ̀ nínú férémù, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dá mi mọ̀. Ó ní kí wọ́n bu omi fún mi. N kò mu ún.

Mo ṣí agolo ìpara náà, mo sì da eyín idẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún ogójì ọdún: pé òun kọ́ ló ṣírò rẹ̀, pé àní eyín tí òun kà, òun ṣì í kà, pé èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ìtìjú láìjẹ́ pé ó mọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó ń fi ìka kan yí eyín náà kiri lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀.

Nígbà tí mo parí, ó kó wọn padà sínú agolo, ó dé e, ó sì nà án sí mi.

Ó ní, "Méjìlá ni mo bá nígbà tí mo ti orí bọnú àgbá lọ́jọ́ yẹn, Mísì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní mo rò pé ìwọ lo ṣì í ni, ṣé ǹ bá jẹ́ kí wọ́n yìn ín?"